"Àkàndá", "ìkéde" àti "ẹ sá àsálà" nínú ìwé ìkìlọ̀ omíyalé

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a yọ "aláàbọ̀ ara" kúrò nínú ìwé ìkìlọ̀ omíyalé tí a ń túmọ̀, kí "àkàndá ẹ̀dá" rọ́pò rẹ̀.

Mo fara mọ́ yíyọ "aláàbọ̀ ara". Ta ló fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ààbọ̀? Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019 ka dídẹ́yẹ sí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ó sì ní kí ìjọba dáàbò bò wọ́n nígbà ewu àti àjálù.

"Àkàndá" gan-an ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, ó yẹ ìwé òfin. Àmọ́ lọ́jọ́ tí odò bá kún bíi ti Ògùnpa n'Ìbàdàn ní 1980, kí ni panápaná máa fi "àkàndá kan wà nílé yẹn" ṣe? Bó bá ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà, adití ò ní gbọ́. Bó bá ń juwọ́, afọ́jú ò ní rí i. Ẹni tó wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ lè gbọ́ kó sì rí, síbẹ̀ àtẹ̀gùn ò ní jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, níbi tí ìwé náà bá ti ń bá adóòlà sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ "ẹni tí kì í gbọ́ràn", "ẹni tí kì í ríran", "ẹni tí kò lè dá rìn". Èébú kọ́.

Ẹnìkan tún ní "ìkéde" ti tó fún ìkìlọ̀. Rárá o. Ẹnu la fi ń kéde, etí la fi ń gbọ́ ọ. Nọ́ńbà pàjáwìrì 112 àti 767 tí wọ́n ń pè l'Ékòó pàápàá, ohùn ló gbé e dúró. "Ìtanilólobó" ni mo fara mọ́: iná tó ń ṣẹ́jú lè ta èèyàn lólobó, àtẹ̀jíṣẹ́ lè ṣe é, aládùúgbò tó wọlé wá fọwọ́ kan èjìká lè ṣe é.

"Ẹ sá àsálà" náà ńkọ́? Ẹlẹ́sẹ̀ ló ń bá wí. Ẹ jẹ́ ká fi kún un pé: "ẹ má fi ẹni tí kò lè dá rìn sílẹ̀."

Kí ìwé yìí tó lọ sílé ìtẹ̀wé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi han àwọn adití àti afọ́jú tó mọ Yorùbá kà, yálà ojú ni wọ́n fi ń kà á tàbí ọwọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ kan nínú èyí tí mo dábàá, mo ti gbà.