Báwo lẹ ṣe ń gbé láptọ́ọ̀pù lórí kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀yìn ò fi dùn yín?

Oníkẹ̀kẹ́ Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti oṣù kẹta.

Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, Farringdon níbẹ̀ náà ni ibi iṣẹ́ mi wà. Bọ́ọ̀sì 63 ni mo máa ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Elephant and Castle kò jẹ́ kí n tètè dé ibi iṣẹ́ rí. Ni mo bá ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan lọ́wọ́ aládùúgbò mi. Ọ̀nà Surrey Canal ni mò ń gbà já sí Burgess Park, láti ibẹ̀ ó di Elephant, ó di Blackfriars Road, kí n tó wá gun afárá Blackfriars níbi tí wọ́n ti la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti mọ́tò. Gbogbo rẹ̀ ò ju bíi máìlì mẹ́rin lọ. Ara mi ti yá sí i, owó bọ́ọ̀sì wà lápò mi, mi ò sì fẹ́ padà sẹ́yìn mọ́.

Láptọ́ọ̀pù ló fẹ́ ba adùn náà jẹ́. Ti ibi iṣẹ́ ni, ó sì tóbi. Mo gbé e lé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn fúláwà nílé: òun nìkan lé díẹ̀ ní kílò 2. Nígbà tí mo fi ṣájà, oúnjẹ ọ̀sán, bàtà ibi iṣẹ́ àti àgádágodo kẹ̀kẹ́ kún un, ó di kílò 6. Gbogbo ẹ̀ ni mò ń pọ̀n lójoojúmọ́. Ọmọ tí a pọ̀n a máa dì mọ́ ìyá rẹ̀. Báàgì yìí, ṣe ló ń fà mí sẹ́yìn. Kí n tó dé Elephant, èjìká ti ń ta mí, ọrùn ti gan. Tí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́fíìsì, òógùn á ti ya àwòrán báàgì sí ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì mi, bẹ́ẹ̀ la ń ṣe ìpàdé láago mẹ́sàn-án. Mo tún dán báàgì olókùn kan wò, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká kan. Ó ń yọ́ wá síwájú, ó ń gbá mi lórúnkún.

Ohun tó wá lé mi síbí ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bojú wẹ̀yìn kí n lè mọ̀ bóyá mọ́tò ń bọ̀, báàgì yí pẹ̀lú mi, kẹ̀kẹ́ sì yẹ̀ lábẹ́ mi. Ọlọ́run ló yọ mí.

Ṣé kí n ra agbọ̀n iwájú ni, àbí kááríà ẹ̀yìn pẹ̀lú báàgì tí wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀? Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé gbígbọ̀n lè ba kọ̀ǹpútà náà jẹ́, kì í sì í ṣe tèmi. Kẹ̀kẹ́ náà ò ní kááríà rárá, àmọ́ mo rí ihò kéékèèké méjì nítòsí ibi tí wọ́n ti de táyà ẹ̀yìn mọ́ férémù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Croydon

Àǹtí mi, ẹ kú ewu o. Ọ̀rọ̀ agbọ̀n nìkan ni mo fẹ́ sọ. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ má fi láptọ́ọ̀pù sínú ẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń yí ọwọ́ ni ẹrù náà á máa yí, kẹ̀kẹ́ á wúwo níwájú, tẹ́ ẹ bá sì bọ́ sínú kòtò, òun ló máa kọ́kọ́ fò.

Brompton, kẹ̀kẹ́ tó ṣe é ká, ni mò ń gùn, nítorí mo ní láti gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin ní East Croydon láàárọ̀, àsìkò tí wọn kì í gba kẹ̀kẹ́ tí kò ṣe é ká. Iwájú ni báàgì tiwa náà wà, àmọ́ ara férémù ló há mọ́, kì í ṣe ara ọwọ́. Mo lè yí ọwọ́ títí, báàgì á dúró sójú kan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Màmá Salford

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé àwọn aláìsàn ni mò ń lọ bẹ̀ wọ́n wò, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn kiri pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù iṣẹ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà. Sọ báàgì yẹn kalẹ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ. Kẹ̀kẹ́ ni kó ru ẹrù, kì í ṣe ìwọ.

Ihò méjì tó o rí yẹn, oríire ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ń de ẹsẹ̀ kááríà mọ́. Tún wo òkè, nítòsí ìjókòó, ó ṣeé ṣe kó o rí méjì mìíràn. Tí bíréèkì ẹ̀yìn rẹ bá jẹ́ ti díìsìkì, sọ fún ẹni tó fẹ́ ta kááríà fún ẹ, nítorí ẹsẹ̀ kááríà irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń yà síta díẹ̀ kó má baà kan bíréèkì. Wọ́n máa ń kọ iye kílò tó lè rù sára ẹ̀. 25 ni wọ́n kọ sára tèmi. Ẹrù rẹ ò tó nǹkan kan lójú ẹ̀.

Apá òsì ni kó o gbé báàgì kọ́. Apá òsì la ń gbà ní ìlú yìí, báàgì á wà lápá ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, kò ní sí lójú ọ̀nà mọ́tò, kò sì ní kan ṣéènì, tó máa ń fi gírísì kun gbogbo nǹkan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gìgísẹ̀ rẹ lè máa gbá a bó o ṣe ń wa kẹ̀kẹ́. Má bínú jù ú nù. Tú ìkọ́ tó wà lẹ́yìn báàgì díẹ̀, kó o sún un kí báàgì lè lọ sẹ́yìn, ó parí.

Ní ti òjò, o mọ bí òjò ṣe rí lọ́dọ̀ wa níbí. Èyí tí wọ́n ń ká ẹnu ẹ̀ ni kó o rà, má ra oníṣíìpù. Ortlieb ni tèmi, ti Jámánì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mò ń ká ẹnu ẹ̀ kí n tó há a, omi ò tíì wọlé lọ́jọ́ kan. Owó ẹ̀ pọ̀, mi ò ní purọ́ fún ẹ, àmọ́ bi ibi iṣẹ́ rẹ bóyá wọ́n ní ètò Cycle to Work, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1999. Wọ́n á máa yọ owó náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ kí wọ́n tó yọ owó orí. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ nìkan ló wà fún. Kááríà àti báàgì wà níbẹ̀.

Bó o bá sì ti dúró níbi kan, yọ báàgì náà dání. Má fi sílẹ̀ lára kẹ̀kẹ́, bó ti wù kó mọ.

Ẹnjiníà Agbowó

Ẹ̀gbọ́n mi ní Peckham, ẹ kú iṣẹ́. Ìbàdàn ni mo wà. Kọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe ní Agbowó, ní òdì kejì géètì Yunifásítì. Kẹ̀kẹ́ ni mo sì fi ń gbé láptọ́ọ̀pù àwọn oníbàárà padà fún wọn ní Bódìjà àti Sàngó, nígbà míì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọkàn yín balẹ̀ lórí gbígbọ̀n. Àwọn láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń ṣe lóde òní, SSD ni wọ́n fi ń tọ́jú fáìlì nínú wọn, kò sí ohun tó ń yí nínú SSD. Hard disk àtijọ́ ló ní abọ́ pẹlẹbẹ tó ń yí, orí tó ń kà á wà lókè ẹ̀ tímọ́tímọ́. Tó bá gbọ̀n nígbà tó ń yí, orí yẹn lè ha abọ́ náà. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ pa á kẹ́ ẹ tó gbéra. Mo ní ẹ pa á o, ẹ má kàn dé e. Èyí tí wọ́n kàn dé lè jí nínú báàgì, fáànù ò ní rí afẹ́fẹ́ fà, ẹ ó sì bá a tó gbóná bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo, bátìrì á ti tán.

Ohun tí mo rí tó ń fọ́ láptọ́ọ̀pù nínú báàgì, ṣájà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé tiẹ̀ wá bá mi, ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ò jẹ́ kó já bọ́, ẹnì kankan ò jókòó lé e. Mo ṣí i. Ojú kan ṣoṣo ni ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀, lápá ọ̀tún, ó wá ta kún gbogbo síkírìnì bí òwú aláǹtakùn. Mo dé e padà, mo gbé ẹ̀yìn ìdérí sójú iná. Ibì kan ti tẹ̀ wọnú, kò tó éékánná ìka kékeré. Mo ní kó mú ṣájà ẹ̀ wá. Mo fi igun orí ṣájà yẹn síbi tó tẹ̀ náà, ó bá a mu rẹ́gí. Báàgì tó kún, tó tún fà á pa, ló fi igun ṣájà tẹ síkírìnì láti Sàngó títí dé Agbowó. Owó síkírìnì tuntun fẹ́ẹ̀ tó ìdajì iye tó ra láptọ́ọ̀pù náà. Ó dùn mí, mi ò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Nítorí náà, ṣájà ò gbọdọ̀ bá láptọ́ọ̀pù sùn sínú àpò kan. Tágbára bá ká a, ẹ ra ìkejì, kí ọ̀kan máa gbé lọ́fíìsì. Tẹ́ ẹ bá sì ń ki láptọ́ọ̀pù bọ báàgì, ẹ jẹ́ kí ìdérí ẹ̀ kọjú sí pátákó líle tó wà lẹ́yìn báàgì, kí oúnjẹ àti ẹrù yòókù fara ti abẹ́ ẹ̀. Abẹ́ ló le, síkírìnì kò le.

Ẹ tún fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ báàgì tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á. Tí ibi tí láptọ́ọ̀pù ń wọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí báàgì, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀ ni igun láptọ́ọ̀pù á máa gbálẹ̀. Fóòmù ni mo tẹ́ sí ìdí tèmi, ó nípọn tó ìka méjì. Sílípáàsì àtijọ́ pàápàá ṣe é. Tíúbù ọ̀kadà tí mo gé tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń de báàgì mọ́ kááríà, kò jẹ́ kó máa fò sókè.

Màmá Salford, ẹ kú àlàyé mà. Ọ̀rọ̀ apá òsì yẹn, ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíì. Apá ọ̀tún la ti ń gbà ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, nítorí náà apá ọ̀tún mi ló kọjú sí gọ́tà. Ibẹ̀ náà sì ni ṣéènì wà. Mo fi ìbòrí ṣéènì sí i, mo sì gbé báàgì kọ́ ọ̀tún. Gírísì sàn ju kí bọ́ọ̀sì gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ.

Oníkẹ̀kẹ́ Peckham

Màmá, ẹ ṣeun mà. Ẹnjiníà, mo ka tiyín tán, mo dìde lọ ṣí báàgì mi. Orí ṣájà wà lórí ìdérí láptọ́ọ̀pù gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gbẹ́mìí mi. Mo ń bọ̀ wá jábọ̀.

Oníkẹ̀kẹ́ Peckham (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Mo ti dé o. Mo ra kááríà, èmi fúnra mi ni mo sì dè é. Ihò mẹ́rin ló wà níbẹ̀ lóòótọ́ bí Màmá ṣe wí. Báàgì oníkíká-ẹnu ni mo rà, ti Jámánì náà ni, àlòkù. Ibi iṣẹ́ mi ò ní ètò Cycle to Work yẹn, mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wò ó. Bàtà ti ń gbé lábẹ́ tábìlì mi, ṣájà kejì náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo tún ẹrù wọ̀n, kílò 6 ti di kílò 4.

Gìgísẹ̀ mi gbá a lọ́jọ́ àkọ́kọ́ títí mo fi dé Burgess Park. Mo dúró, mo sún ìkọ́, kò gbá a mọ́. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn ní Blackfriars Road, ara mi nìkan ló yí, kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi. Lánàá òjò ká mi mọ́ orí afárá, kò síbi tí mo lè sá sí. Omi ń ro lára mi bí mo ṣe wọ ọ́fíìsì. Mo tú ẹnu báàgì, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́: ó gbẹ táútáú, títí kan bébà tí mo fi wé búrẹ́dì.

Ẹ̀yìn ṣì ń ro mí díẹ̀ lálẹ́, àmọ́ èjìká ti fi mí sílẹ̀. Mo rò pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló ga jù báyìí, màá wò ó lópin ọ̀sẹ̀.

Ẹnjiníà Agbowó

Inú mi dùn o, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ pa á kẹ́ ẹ tó gbé e lánàá?

Oníkẹ̀kẹ́ Peckham

Mo pa á. Mo dúró títí iná ẹ̀ fi kú kí n tó dé e.