Ṣé gìtá olókùn mẹ́jọ lè gba iṣẹ́ béèsì ṣe nínú ẹgbẹ́ olórin wa?

Onígìtá Yábàá

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ orin, mo kí yín. Ẹgbẹ́ olórin wa ti ku ẹni mẹ́rin báyìí: obìnrin tó ń kọrin síwájú, ẹni tó ń lu drọ́ọ̀mù, ẹni tó ń lu gángan, àti èmi tí mo ń ta gìtá. Ẹni tó ń ta béèsì fún wa ti lọ kàwé ní Kánádà. Àwọn tí a sì ń bẹ̀ láti Lẹ́kì àti Àjáh kì í fẹ́ gba afárá Third Mainland wá sí ìdánrawò ní Yábàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Orin highlife àti jùjú ni a ń ṣe jù, pẹ̀lú orin ìyìn tí ẹni tó gbé wa dé òde àríyá bá béèrè fún un.

Mo ní gìtá olókùn mẹ́jọ kan, tí gígùn okùn rẹ̀ láti nut (ibi tí okùn ti kúrò ní orí gìtá) dé bridge (ibi tí a so okùn mọ́ ara gìtá) jẹ́ ínṣì 27. F#, B, E, A, D, G, B, E ni ohùn àwọn okùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Èrò mi ni pé kí n sọ okùn méjì tó nípọn jù di okùn béèsì, kí àtàǹpàkò mi máa ta wọ́n nígbà tí àwọn ìka yòókù bá ń ta kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú okùn wo ni kí n rà? Ṣé ańpílífáyà gìtá mi tó ní sípíkà ínṣì 12 kan yóò gbé e? Kí ni yóò sì sọnù nínú orin wa tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè kẹta yìí ló jẹ mí lógún jù, nítorí pé àwọn tó ń jó sí orin wa mọ ohun tí béèsì ń ṣe fún ẹsẹ̀ wọn, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀.

Atúngìtáṣe Mushin

Ó ṣeé ṣe, gìtá rẹ sì sún mọ́ béèsì ju bí o ti rò lọ. Okùn F# ìsàlẹ̀ yẹn ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 46 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, E tó wà nísàlẹ̀ gìtá béèsì olókùn mẹ́rin sì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì méjì péré (àwọn irin tínínrín tó dábùú ọrùn gìtá) ló wà láàárín wọn. Dẹ F# wálẹ̀ sí E, kí o sì dẹ B wálẹ̀ sí A: ìwọ yóò ní E àti A ti béèsì gan-an, pẹ̀lú gìtá olókùn mẹ́fà tí ọwọ́ rẹ ti mọ̀ lókè wọn, láìsí ohun tuntun kan tí o ní láti kọ́ nípa kọ́ọ̀dù.

Àmọ́ pààrọ̀ okùn méjèèjì, má kàn dẹ àwọn tó wà níbẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀tì okùn mẹ́jọ tí a sábà máa ń rí, èyí tó nípọn jù jẹ́ 74, ìyẹn ni pé nípọn rẹ̀ jẹ́ 0.074 ínṣì. Tí o bá dẹ ẹ́ sí E, yóò rọ̀ jù. Bí o bá ti ta á pẹ̀lú agbára, ohùn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ fò sókè kí ó tó padà sí ipò rẹ̀, yóò sì máa gbá fẹ́rẹ́ẹ̀tì. Gìtá béèsì ínṣì 34 sábà máa ń lo 105 fún E, ṣùgbọ́n okùn tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ lórí ínṣì 27 yóò le gan-gan bí irin, ohùn rẹ̀ yóò sì kú. Ohun tó bá gìtá rẹ mu ni 80 sí 90 fún E, àti 62 sí 64 fún A. Tèmi ni pé kí o bẹ̀rẹ̀ láti 85.

Irú okùn bẹ́ẹ̀ lè má wọ ihò èèkàn gìtá. Àwọn kan máa ń lu ihò náà kí ó fẹ̀ sí i. N kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí èèkàn tí a bá ti lù kò ṣeé dá padà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n tú wáyà òde okùn náà kúrò ní apá tí yóò wọ inú èèkàn, kí ó ku irin àárín rẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti tú u kò gbọdọ̀ dé orí nut. Kọ́kọ́ ká okùn náà kọ́dọrọ kí o tó gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wáyà òde yóò máa tú dé àárín, ohùn rẹ̀ yóò sì bàjẹ́ kí o tó ta á rárá. Nut náà fẹ́ ìtọ́jú: fáìlì róbótó tí a ṣe fún iṣẹ́ yẹn ni a fi ń fẹ ojú ihò rẹ̀ lójú, a kì í fi ayùn ṣe é. Lẹ́yìn èyí, ti saddle okùn méjèèjì (irin kékeré tí okùn dúró lé lórí bridge) sẹ́yìn títí ohùn fẹ́rẹ́ẹ̀tì kejìlá yóò fi bá ohùn òfìfo rẹ̀ (ohùn okùn tí a kò tẹ̀) mu. Tí ọrùn gìtá bá tẹ̀, yí truss rod (irin tó ń tọ́ ọrùn gìtá láti inú) ní ìdá mẹ́rin àyíká kan, kí o sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí o tó tún fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀gbọ́n Béèsì, Ìsàlẹ̀ Èkó

Àbúrò, ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti sọ ti irin àti igi. Èmi yóò dáhùn ìbéèrè kẹta rẹ, nítorí òun ni mo fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ohun tí o fẹ́ ṣe kì í ṣe àjèjì ní Èkó. Kí gìtá béèsì tó dé, àwọn atagìtá orin ẹmu ní etíkun wa, láti Freetown dé Accra dé Èkó, ti ń fi ìka méjì ta gìtá: àtàǹpàkò di ìsàlẹ̀ mú, ìka ìlábẹ̀ sì ń ta orin. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tó gbé ọ̀nà yìí káàkiri. Gìtá kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìgò tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń jó. Nítorí náà, kí o tó ná owó kankan, mú gìtá olókùn mẹ́fà lásán, kí o sì ta ọwọ́ orin ẹmu títí àtàǹpàkò rẹ kò fi ní ṣe ohun tí àwọn ìka yòókù ń ṣe mọ́. Tí àtàǹpàkò bá ṣì ń dúró de ìka, okùn 85 kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì ni mo rí nínú àpàlà. Nínú ẹgbẹ́ bí ti Haruna Ishola, agídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ tí béèsì ń ṣe lónìí. Ẹni tó ń ta á kì í sáré tẹ̀lé gbogbo ọ̀rọ̀ tí olórin ń sọ. Ó máa ń mú gbólóhùn kúkúrú kan, á sì máa tún un ta, àyè sì wà nínú gbólóhùn náà tí ìlù ń gbà wọlé. Nínú orin Fẹlá pẹ̀lú, gìtá tí wọ́n ń pè ní tenor máa ń di gbólóhùn kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ béèsì fún ìṣẹ́jú púpọ̀ láì yí i padà. Agbára irú orin wọ̀nyí wà nínú ìdúróṣinṣin. Ọkàn mi balẹ̀ pé gìtá rẹ lè ṣe èyí, nítorí pé gbólóhùn kúkúrú tó ní àlàfo ni ọwọ́ kan lè dì mú nígbà tí apá kejì ọwọ́ náà bá ń ta kọ́ọ̀dù sínú àlàfo náà.

Ohun tí yóò sọnù wà, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Àwọn ohùn gígùn tí béèsì máa ń fà nísàlẹ̀ nígbà tí gìtá bá ń rìn káàkiri lókè yóò dín kù. Nígbà tí o bá fẹ́ ta àdákọ (solo), ọwọ́ òsì rẹ yóò kúrò ní ìsàlẹ̀, ilẹ̀ yóò sì yọ́ lábẹ́ oníjó. Nítorí náà, fi àdákọ fún gángan, kí ìwọ dúró sí ìdí iṣẹ́ rẹ. Má ṣe ta kọ́ọ̀dù kíkún mọ́ pẹ̀lú: fi okùn G, B àti E òkè nìkan ṣe é, ohùn méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Tí o bá ta E àti A ti gìtá pọ̀ mọ́ E àti A ti béèsì, ohùn wọn yóò dàrú mọ́ra wọn, kò sì sí bí onísáúǹdì yóò ṣe là á.

Níbi ìdánrawò, ẹ jẹ́ kí onídrọ́ọ̀mù àti àtàǹpàkò rẹ nìkan kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, láìsí kọ́ọ̀dù, láìsí olórin. Ìlù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ àti okùn ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fi ẹran ara àtàǹpàkò ta á, má fi èékánná, kí o sì fi etí àtẹ́lẹwọ́ kan okùn díẹ̀ lẹ́bàá bridge kí ohùn má baà máa dún kọjá àyè rẹ̀.

Ọmọ Sùúrùlérè

Ẹ jọ̀wọ́, kí ló dé tí kò kàn fi ra pẹ́dàlì tó ń sọ ohùn gìtá kalẹ̀ ní octave kan (ohùn kan náà, àmọ́ tó rẹlẹ̀ sí i)? Jack White ti The White Stripes lo pẹ́dàlì Whammy láti mú gìtá rẹ̀ dún bí béèsì, ẹni méjì péré sì ni ẹgbẹ́ wọn. Kò ní sí ìdí láti fẹ nut ẹnikẹ́ni.

Onísáúǹdì Ọ̀jọ́

Pẹ́dàlì náà dára níbi tí a ti lò ó, nítorí ohùn kan lẹ́ẹ̀kan ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Atagìtá yìí fẹ́ ta kọ́ọ̀dù àti béèsì pọ̀, ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì sì máa ń sọ kọ́ọ̀dù náà kalẹ̀ pẹ̀lú béèsì, bí kò bá jẹ́ irú èyí tó lè yan ohùn ìsàlẹ̀ nìkan. Yàtọ̀ sí èyí, pẹ́dàlì ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn kí ó tó mọ ohun tí yóò sọ̀ kalẹ̀, ìgbọ̀n kan ṣoṣo ní E ìsàlẹ̀ gìtá sì ń gba nǹkan bí ìdá 12 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Nínú jùjú, níbi tí béèsì ti ń bọ́ sí àárín ọwọ́ ìlù, irú ìpẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ kò dára. Mo fara mọ́ okùn gidi.

Nípa sípíkà: má ṣe gbé e gba inú ańpílífáyà gìtá rẹ. Púpọ̀ nínú sípíkà gìtá ínṣì 12 ni a ṣe láti ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí 70 dé 5,000 Hz (iye ìgbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), E béèsì sì wà ní 41. Tí o bá ti ohùn yẹn gba inú rẹ̀ pẹ̀lú agbára, awọ rẹ̀ yóò máa lọ síwá-sẹ́yìn ju bí a ti ṣe é mọ lọ, títí yóò fi ya. Wá ańpílífáyà béèsì, tàbí kí o gba inú àpótí DI (àpótí kékeré tó ń mú ohùn gìtá bá míksà mu) lọ sí míksà níbi tí sípíkà ńlá bá wà. Ní Aláàbà, gbé gìtá rẹ dání lọ, kí o sì ta E òfìfo lórí sípíkà tí o fẹ́ rà kí o tó sanwó. Ínṣì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ọ̀nà tó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀ ni kí o fi pẹ́dàlì apínhùn pín ohùn gìtá sí méjì. Gé ohun tó bá ju 180 Hz lọ kúrò ní ọ̀nà béèsì, kí o sì gé ohun tó bá rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ kúrò ní ọ̀nà gìtá. Mo mú 180 nítorí ìmọ̀ràn Ẹ̀gbọ́n: G òfìfo jẹ́ 196 Hz, nítorí náà kọ́ọ̀dù tí o bá ta lórí G, B àti E yóò dín kù nínú ańpílífáyà béèsì. Tí o bá rú òfin yẹn, apínhùn kò ní ṣiṣẹ́. Charlie Hunter ní Amẹ́ríkà, tó ti ń ta béèsì àti gìtá pọ̀ lórí gìtá kan láti àwọn ọdún 1990 síwájú, ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: pickup (ohun tó ń gba ohùn okùn) ti okùn béèsì rẹ̀ yàtọ̀, ó sì ń lọ sí ańpílífáyà tirẹ̀. Tí owó bá wà lọ́jọ́ iwájú, saddle tó ní piezo (irú pickup kan tó ń gba ìgbọ̀n okùn) lábẹ́ okùn méjì náà, pẹ̀lú ihò wáyà tirẹ̀, yóò ṣe é láìgbẹ́ igi gìtá rẹ púpọ̀. Kí atúngìtáṣe so ilẹ̀ wáyà rẹ̀ dáadáa, nítorí piezo máa ń gbọ́ kíkùn jẹnẹrétọ̀ tí ìsopọ̀ rẹ̀ kò bá dára.

Onígìtá Yábàá

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Màá bẹ̀rẹ̀ láti orí ọwọ́ ẹmu, kí n tó ra okùn. Ohun kan ló kù, ẹ̀gbọ́n: F àti B♭ ni kíì (ohùn tí orin fi ṣe ilé) tí akọrin wa fẹ́ràn jù. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì kìíní ni méjèèjì wà lórí okùn béèsì mi, èyí tó túmọ̀ sí pé ìka ìlábẹ̀ mi yóò há síbẹ̀, n kò sì ní lè dé kọ́ọ̀dù tó wà lókè ọrùn.

Ẹ̀gbọ́n Béèsì, Ìsàlẹ̀ Èkó

Fa okùn méjèèjì sókè ní fẹ́rẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn orin wọ̀nyẹn: E di F, A di B♭. Okùn mẹ́fà òkè kò ní yí padà. Nínú kíì F, ilé orin náà yóò wà ní òfìfo, ohùn kẹrin rẹ̀ yóò wà ní òfìfo, C tó jẹ́ ohùn karùn-ún yóò sì wà ní fẹ́rẹ́ẹ̀tì kejì okùn B♭. Nínú kíì B♭, ilé wà ní òfìfo, F tó jẹ́ ohùn karùn-ún náà sì wà ní òfìfo. Ọwọ́ òsì rẹ yóò di òmìnira.

Ìfà okùn náà yóò fi nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún le sí i, nítorí náà wo ọrùn gìtá nígbà àkọ́kọ́ tí o bá ṣe é. Kí ẹ sì to àwọn orin F àti B♭ tẹ̀ léra wọn nínú ètò alẹ́ ọjọ́ náà, kí o má baà máa yí èèkàn láàárín orin kan sí èkejì. Fún akọrin yín, bá a sọ̀rọ̀ bóyá ó lè kọ díẹ̀ lára àwọn orin F rẹ̀ ní E. Gángan yóò tẹ̀lé e síbikíbi tí ó bá lọ.