Ìdàpọ̀, ìgbémì tàbí ìràmọ́? Ọ̀rọ̀ tó yẹ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù Amẹ́ríkà

Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ fún ohun tí wọ́n ń pè ní merger lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn kí ilé-iṣẹ́ méjì di ọ̀kan, láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ní ká máa pe gbogbo rẹ̀ ní ìdàpọ̀. Àwọn mìíràn ta kò wọ́n pé ńlá ló ń gbé kékeré mì, pé ìgbémì ló tọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè ká gbogbo rẹ̀, orúkọ tó wà lára pátákó kọ́ ló sì yẹ ká fi yan ọ̀rọ̀. Ìpín ìdókòwò (shares) ni ká tọpa: kí ló bọ́ sọ́wọ́ onípìn-ín nígbà tí wọ́n parí rẹ̀?

Ẹ wo Lockheed àti Martin Marietta, tí wọ́n parí tiwọn lóṣù kẹta ọdún 1995. Ilé-iṣẹ́ tuntun ni wọ́n dá sílẹ̀, Lockheed Martin. Ẹni tó ní 100 ìpín Lockheed gba 163 nínú tuntun; ẹni tó ní 100 ti Martin Marietta gba 100. Ìpín àtijọ́ ti apá méjèèjì ló kásẹ̀ nílẹ̀. Ìdàpọ̀ gidi nìyẹn, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni máa jiyàn lé e.

Ṣùgbọ́n Northrop àti Grumman, ọdún 1994, ń tan èèyàn jẹ. Orúkọ méjèèjì ṣì wà lára pátákó dòní. Bẹ́ẹ̀, Martin Marietta ló kọ́kọ́ fi dọ́là 55 lọ ìpín Grumman kọ̀ọ̀kan. Northrop bù lé e títí ó fi dé dọ́là 62. Ẹni tó ní 100 ìpín Grumman gba dọ́là 6,200, kò sì ní nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Wọ́n rà á ni. A ti ní “rà” tipẹ́, ẹ má jẹ́ ká fi ìdàpọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni Boeing àti McDonnell Douglas. Wọ́n kéde rẹ̀ ní December 15, 1996, wọ́n sì parí rẹ̀ ní August 1, 1997. Wọn ò san owó. Ìpín ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹni tó ní 100 ìpín McDonnell Douglas gba 130 ìpín Boeing, ṣùgbọ́n onípìn-ín Boeing kò pààrọ̀ ohunkóhun. Orúkọ McDonnell Douglas kúrò lára pátákó. Bàálù MD-95 tí wọ́n ṣì ń ṣe lọ́wọ́ ni Boeing sọ di 717.

Àwọn tó ní ìgbémì ni yóò ní ẹ ò rí i bí? Mi ò gbà. Wọn ò fipá mú McDonnell Douglas. Oṣù kan ṣáájú ìkéde yẹn ni wọ́n já a kúrò nínú ìdíje bàálù ogun tó padà di F-35, bàálù èrò rẹ̀ náà kò sì tà dáadáa mọ́. Òun náà ń wá ibi forí pamọ́ sí. Èkejì, Harry Stonecipher tó jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀ di igbákejì Phil Condit, ọ̀gá àgbà Boeing nígbà náà, nígbà tó sì di 2003, òun gan-an ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà. Àwọn òṣìṣẹ́ Boeing kan tilẹ̀ máa ń sọ pé owó Boeing ni McDonnell Douglas fi ra Boeing. Òkèlè tí a gbé mì kì í padà wá jókòó sórí àga olórí.

Ìràmọ́ ni mo dábàá. Boeing ra McDonnell Douglas mọ́ ara rẹ̀: ẹni tó rà hàn, ohun tó rà kò sì parẹ́, ó wọ ara rẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kò sówó nínú rẹ̀, kí ló dé tí a ó fi sọ pé ó rà á, ìpín tí Boeing kó sílẹ̀ ni owó ọjà náà, nǹkan bíi bílíọ̀nù 13 dọ́là. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìdàpọ̀ ni pé ìpín apá kan ṣoṣo ló kásẹ̀ nílẹ̀.

Ó ku òdì-kejì rẹ̀, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá pín. Lọ́dún 1934, òfin ìfìwéránṣẹ́ lójú òfurufú kò jẹ́ kí ẹni tó ń fi bàálù gbé lẹ́tà ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàálù mọ́, ni United Aircraft and Transport, tó ń ṣe méjèèjì pọ̀, bá di mẹ́ta: Boeing, United Aircraft àti United Air Lines. Àwọn kan pè é ní ìtúká. Ohun tó bá túká ti bàjẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ìpínyà ni èmi yóò kọ síbẹ̀.