Táyà tí ẹ fi ń wọ oko lásìkò òjò: ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Akòkó-rà, Ìdànrè:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ẹ kú òjò, ẹ kú ẹrọ̀fọ̀. Kòkó ti ń pọ́n, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń wá táyà tí yóò gbé wa dé oko, tí yóò gbé wa padà wálé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa wọ iṣẹ́ yìí a máa sọ pé M/T (mud terrain, táyà ẹrẹ̀) ni àwọn fẹ́, pé eyín rẹ̀ tóbi, pé kò sí ẹrẹ̀ tó lè dá a dúró. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí owó ńlá ni táyà mẹ́rin ń gbà lọ́wọ́ ẹni lóde òní. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín, kí ẹni tó fẹ́ rà lè mọ ibi tó yẹ kó ná owó rẹ̀ sí.

Hilux tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà ni mo ń wà. Ojú ọ̀dà ni láti Àkúrẹ́ wá sí Ìdànrè, ọ̀nà yẹn ni mo sì ń tọ̀ lọ tọ̀ bọ̀. Ìgbà tí mo bá yà sí àwọn àgọ́ oko ni ilẹ̀ pupa bẹ̀rẹ̀: òkè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkúta lábẹ́, ẹrẹ̀ lórí. Tí ènìyàn bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ojú ọ̀dà ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi ń wà jù.

Nígbà tí mo gba ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún mi, M/T ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ariwo rẹ̀ lójú ọ̀dà kì í jẹ́ kí ẹni tó jókòó tì mí gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ìyẹn ṣì kéré. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ewúrẹ́ sáré bọ́ sójú títì, mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ kàn ń yọ̀ lọ ni. Ó dúró o, Ọlọ́run ṣeun, ṣùgbọ́n ibi tó dúró sí jìnnà gan-an sí ibi tó yẹ kó dúró. Eyín M/T jìnnà síra wọn. Nínú oko, àlàfo yẹn ni ẹrẹ̀ ń gbà jáde. Lójú ọ̀dà tó tutù, àlàfo yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí rọ́bà tó pọ̀ tó kan ilẹ̀.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ló wá mú kí n pààrọ̀ wọn. Òjò fẹ́ẹ́rẹ́ ti rọ̀ síbẹ̀. Ẹrẹ̀ tó wà lókè kò jìn ju ìka ọwọ́ kan lọ, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ le gbagidi. Mo fi jíà sí L4, èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fà pẹ̀lú agbára láìsáré, mo ń rọra gùn ún. Ẹrẹ̀ pupa yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ àárín eyín, ó lẹ̀, ó lẹ̀, títí gbogbo àlàfo fi dí, tí ojú táyà ń dán bí ẹ̀yìn ìkòkò. Ìdí ọkọ̀ ń sún sí ẹ̀gbẹ́ kòtò bí mo ṣe ń wò ó nínú dígí. Mo rọra fi ẹ̀yìn rìn sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo sì fi rìn dé àgọ́. Ẹ wò ó, kí M/T tó lè tú ẹrẹ̀ dànù láàárín eyín rẹ̀, àfi kó yí kíákíá. Ta ló fẹ́ yí táyà kíákíá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kòtò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

A/T (all terrain, táyà tó wà fún ọ̀dà àti oko) ni mo fi rọ́pò wọn. Eyín tirẹ̀ sún mọ́ra, wọ́n sì gé ilà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sínú eyín kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilà wọ̀nyẹn ló ń di ilẹ̀ líle mú tí ẹrẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá wà lórí rẹ̀. Mo tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ títí géèjì fi ka 22 PSI, ọkọ̀ ṣófo, mo padà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn lẹ́yìn òjò mìíràn, ó sì gùn ún. Láti ìgbà náà, A/T ni mo ń lò.

Awakọ̀ gẹdú, Orè:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìdànrè lẹ ń sọ. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ agégẹdú má tìtorí ẹ̀ ta M/T rẹ̀.

Nínú igbó tí a ń wọ̀, ọkọ̀ agbégi ńláńlá ló máa ń kọ́kọ́ gba ọ̀nà kọjá. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ di kòtò méjì gbọọrọ, kòtò náà lè mu ẹsẹ̀ Hilux dé àárín. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó rọ̀, ewé tó ti jẹrà pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ó wá ilẹ̀ líle lábẹ́ rẹ̀ tì. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń ràn yín lọ́wọ́. Lóṣù kẹfà ọdún kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ wọlé, ọkọ̀ wa bára dọ́gba, A/T ló wà lẹ́sẹ̀ tirẹ̀, M/T lẹ́sẹ̀ tèmi. Tirẹ̀ dúró sínú kòtò, ó ń yí, ó ń pariwo, kò lọ síwájú, kò pa dà sẹ́yìn. Kí a tó gé igi tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, kí a tó so okùn mọ́ tèmi fà á jáde, ilẹ̀ ti ṣú.

Ohun tó gbé tèmi jáde kì í ṣe eyín ojú táyà nìkan. Tí ẹ bá wo M/T dáadáa, eyín rẹ̀ ká wá sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń jẹ ògiri kòtò. Nítorí náà, tí mo bá ti rí i pé ọkọ̀ fẹ́ dúró, n kì í di sítíárì mú ṣinṣin sójú kan. Mo máa ń yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, kí eyín ẹ̀gbẹ́ lè rí ibi bù jẹ. Mo máa ń tẹ iná náà dáadáa, torí bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí, àfi kó yí kó tó lè tú ẹrẹ̀ dànù.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń wa Land Rover àtijọ́, 7.50R16 ni táyà rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Níbi tí ilẹ̀ líle bá wà nísàlẹ̀ ẹrẹ̀, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn máa ń gé ẹrẹ̀ kọjá lọ bá a ni, a ó sì máa wò ó tó ń kọjá lára wa. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra táyà fífẹ̀ torí ẹrẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè irú ẹrẹ̀ tó ń sọ.

Fọkanáísà, Ìbàdàn:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, iṣẹ́ táyà ni mo fi ń jẹun. Eyín lẹ ń sọ, ó dáa, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ni èmi kọ́kọ́ ń wò.

Ọkùnrin kan gbé M/T mẹ́rin wá fún mi, ó ní kí n bá òun wọ̀ wọ́n mọ́ ríìmù. Tòkunbọ̀ ni. Eyín kún, wọ́n ti fi nǹkan dúdú kùn ún, ó ń dán gbinrin. Mo fi àkísà tútù nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wá nọ́ḿbà mẹ́rin tó máa ń gbẹ̀yìn lẹ́tà DOT: 1114. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ìdí eyín rẹ̀, ilà wẹ́wẹ́ bá là káàkiri ìdí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀ nígbà tí n kò tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà ti gbẹ. Mo sọ fún un pé n kò lè bá a wọ̀ ọ́. Ó bínú, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọ̀kan bẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, orí ló kó o yọ.

FRSC (ẹ̀ṣọ́ ojú pópó) àti SON (àjọ tó ń rí sí bí ọjà ṣe dáa tó) a máa kìlọ̀ pé kí a má lo táyà tó ti ju ọdún 4 lọ. Àwọn aṣọ́bodè náà ti fòfin de kíkó táyà àlòkù irú ọkọ̀ wa wọlé, síbẹ̀ ẹ ó rí i lórí igbá. Tuntun pàápàá, ẹ wo nọ́ḿbà rẹ̀. Michelin kúrò ní Port Harcourt lọ́dún 2007, Dunlop dá iṣẹ́ dúró n'Ìkẹjà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òkè òkun ni táyà wa ń gbà wá. Ó lè ti pẹ́ ní ibi ìkẹ́rùsí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, kí ọ̀rá tí wọ́n fi wé e sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀.

Nǹkan kejì ni ẹrù. Lára táyà Hilux, ẹ ó rí 265/65R17 112S. 265/65R17 ni bó ṣe tóbi tó. 112 yẹn ni ẹrù tó lè gbé, kílò 1120 fún ẹsẹ̀ kan. S ni eré, kílómítà 180 ní wákàtí kan ni òpin rẹ̀. Ọ̀pọ̀ M/T ni Q wà lára rẹ̀, 160 ni ìyẹn. Èyí tí wọ́n kọ LT (light truck, táyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré) ṣáájú nọ́ḿbà rẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo ti rí 120 lára òmíràn, kílò 1400. Ẹni tó ń di kòkó tàbí símẹ́ǹtì, LT ni kó wá, ì báà jẹ́ A/T, ì báà jẹ́ M/T. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: afẹ́fẹ́ tó pọ̀ ni LT fi ń gbé ẹrù yẹn. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà tó bá ọkọ̀ wá sínú LT, tó wá di ẹrù lé e, inú táyà yóò máa gbóná, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì bẹ́.

Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́, Ìsẹ́yìn:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin bàbá. Obìnrin ni mí, èmi ni mo ń wa ọkọ̀ mi fúnra mi. Ẹ̀yìn nìkan ni tèmi ń fi fà. Òjò tiwa ní Òkè-Ògùn kò pọ̀ tó tiyín. Òkúta, iyanrìn àti kùkùté ló ń bá wa jà.

Kùkùté gún ẹ̀gbẹ́ táyà H/T (táyà ojú ọ̀dà) tó bá ọkọ̀ mi wá. Mo gbé e lọ fún fọkanáísà, ó ní ojú táyà ló ṣeé lẹ̀, pé ẹ̀gbẹ́ kò ṣeé lẹ̀, kí n sọ ọ́ nù. Bó ṣe di pé mo ń wá A/T nìyẹn, èyí tí okùn inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìpele mẹ́ta. Kùkùté ṣì ń ha á, mo ń rí ojú ibi tó ti ha á, kò tíì gún un.

Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra M/T méjì péré sí ẹ̀yìn, pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń fà, owó mi á dín kù. N kò gbà. Iwájú ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ bíréèkì, iwájú náà ló ń yà. Tí ẹ̀yìn bá di ilẹ̀ mú tí iwájú ń yọ̀, ibi tó bá wù ú ni ọkọ̀ yóò kọjú sí. Mẹ́rin tó bára mu ni mo rà. Tí mo bá fẹ́ gba ibi iyanrìn kọjá, mo máa ń di àpò ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sí ọ̀gangan orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, mo máa ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ dé 20, ọkọ̀ yóò kọjá. Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń so mọ́ bátìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Kò sí ibi tí mo lè fi í sílẹ̀ lọ, torí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré lójú ọ̀dà.

Ọ̀dọ́ awakọ̀, Ọ̀wọ̀:

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣeun. Ọkọ̀ mi ń lo 265/65R17. Ṣé mo lè fi 265/70R17 sí i kó lè ga sí i?

Akòkó-rà, Ìdànrè:

Ọmọ mi, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n wo ohun tí wàá rí gbà. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ ga tó mìlímítà 776 láti ilẹ̀ dé òkè, èyí tí ò ń wò tó 803. Ìdajì ìyàtọ̀ yẹn péré ni abẹ́ ọkọ̀ yóò fi ga sí i, bíi mìlímítà 13. Géèjì eré rẹ yóò máa parọ́: tó bá fi 100 hàn ọ́, 103 lò ń sá. Ọkọ̀ yóò wúwo díẹ̀ láti gbéra, bíréèkì náà yóò ní iṣẹ́ púpọ̀ sí i láti ṣe. Kí o tó sanwó, jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ sí iwájú, kí o yí sítíárì dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí àwọn ènìyàn sì jókòó sínú ọkọ̀, kí o gbọ́ bóyá ó ń ha.

Tí o bá rà á, ra márùn-ún. Má ṣe jẹ́ kí sípéà táyà kéré ju ìyókù lọ. Lọ́jọ́ tí o bá wọ̀ ọ́ mọ́ ọn tí o sì fi jíà sí H4, èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fà tí ọkọ̀ sì lè sáré, lórí ilẹ̀ líle, táyà ńlá àti kékeré yóò máa bá ara wọn jà nínú jíà, ohun tó máa bàjẹ́ níbẹ̀ wọ́n ju táyà lọ fíìfíì.

Awakọ̀ gẹdú, mo gbọ́ tiyín, n kò jiyàn. Ẹni tó bá ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rẹ̀ wà nínú irú kòtò tí ẹ sọ yẹn, M/T ni. Èmi tí mo ń rin ọ̀dà jù, n kò ní í padà sí i. Fọkanáísà, ẹ ṣeun lórí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ LT. Àpò kòkó 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan níbí, mo sì mọ àwọn tó ń di ju bẹ́ẹ̀ lọ sórí táyà tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó 30. Mo máa kà á sí wọn létí.

A ò tíì gbọ́ láti ẹnu àwọn ará Ìlàjẹ àti Ìgbókòdá. Iyanrìn etíkun àti àbàtà ni tiyín, táyà wo lẹ ń lò, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ wo lẹ sì ń fi wọ ibẹ̀?