Fódà àjọlò, fódà ìnagijẹ, àti ìkìlọ̀ tí kì í ṣe àṣìṣe

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi,

Mo ti ka àbá mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n wa láti Iléṣà mú wá lórí bí a ó ṣe máa pe àwọn ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yorùbá: pé kí a máa pe fódà tí a ṣí sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà mìíràn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní “fódà àpínlò”, kí a máa pe èyí tí sáfà (ètò tó ń gbé ìkànnì jáde fún ẹni tó bá bèèrè) ń fi han àlejò ìkànnì bí ẹni pé inú ilé òun gan-an ló wà ní “fódà òjìji”, kí a sì máa pe gbogbo ohun tí sáfà bá ké sí wa lé lórí ní “àṣìṣe”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, n kò lè fọwọ́ sí ọ̀kankan nínú wọn, nítorí ohun tí ojú mi rí ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀.

Kọ̀ǹpútà méjì ni a ní. IIS, ètò sáfà ti Microsoft, wà lórí ọ̀kan, èkejì ni a kó àwòrán àwọn oníbàárà sí. Mo ṣí fódà àwòrán náà sílẹ̀, mo sì ní kí sáfà máa pè é ní “aworan”. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnì ìdánwò, ìlà méjì ló jáde: ti àkọ́kọ́ ní àmì aláwọ̀ ewé, ti èkejì ní onígun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè tí àmì ìyanu wà láàárín rẹ̀, ó ní òun kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀nà fódà náà ṣí sílẹ̀. Èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ “àṣìṣe” sínú ìwé wa. Ọmọ iṣẹ́ mi kà á, ó pa fódà náà rẹ́ lórí sáfà, ó tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó dé, onígun mẹ́ta náà sì ń jáde ṣáá.

Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ohun tí sáfà ń wí ni pé orúkọ ẹni tó bá wá kànlẹ̀kùn ni òun yóò fi ṣílẹ̀kùn, ẹni náà kò sì tíì dé, nítorí náà òun kò lè ṣèlérí. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Ẹnìkan ní “ìtanilólobó” ì bá dára jù. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tani lólobó mọ ohun tó ń bọ̀, sáfà yìí kò mọ̀.

Lóòótọ́, nígbà tí àlejò dé, àṣìṣe 500.19 ló pàdé, èyí tí IIS fi ń sọ pé òun kò lè ka ètò fódà náà, nítorí pé kọ̀ǹpútà kejì kò mọ orúkọ tí IIS gbé wá. Mo ṣí àkáǹtì kan náà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà, sórí kọ̀ǹpútà méjèèjì, mo ní kí sáfà máa fi í wọlé, mo sì fún un láyè lórí ṣíṣí tí a ṣí fódà náà sílẹ̀ àti lórí fódà fúnra rẹ̀, torí pé bí ọ̀kan bá gbà tí èkejì kọ̀, kíkọ̀ ló borí.

Ní ti “àpínlò”: bí a bá pín iṣu, tèmi ti kúrò lára tìrẹ. Kò sí ẹni tó pín fódà yìí. A jọ ń lò ó ni, bí a ṣe ń jọ lo kànga àdúgbò. “Àjọlò” ni mo fara mọ́. “Àjọni” ti kọjá ààlà, ẹni tó ni fódà kò ju ẹyọ kan lọ.

“Òjìji” ló ká mi lára jù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ yìí pa fódà rẹ́ lórí sáfà, àwòrán kan ṣoṣo kò sì sọnù, nítorí pé orúkọ lásán ló ń pa. Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Adúmáadán tàbí Ìbàdíàrán ni yóò sọ ọ́, ọmọ náà a sì máa jẹ́ ẹ nínú agbo ilé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin Òṣómàáló pàápàá kò ṣàì mọ ohun tí ìnagijẹ ń ṣe! “Fódà ìnagijẹ” ni kí a pè é. Apache, ètò sáfà mìíràn, kò kúkú fi bò, Alias (ìnagijẹ ní Gẹ̀ẹ́sì) ni orúkọ àṣẹ tó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí a bá sì ti kọ ti /aworan, tí a wá kọ ti /aworan/igbeyawo sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò kìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí èyí tó kẹ́yìn má jẹ́ ìpè láé, nítorí pé tòkè ti dáhùn. Bí a bá yí wọn po, kí ti ìgbéyàwó ṣáájú, ìkìlọ̀ náà a lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí n kò rí ojútùú rẹ̀: ọ̀nà tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlà méjì tó fì sẹ́yìn (\\), tí a máa ń kọ dípò lẹ́tà Z: tí Windows fi ń dúró fún fódà orí kọ̀ǹpútà mìíràn, nítorí pé ẹni tó wọlé sórí kọ̀ǹpútà nìkan ni lẹ́tà náà wà fún, sáfà kì í rí i. Ọmọ iṣẹ́ mi ń pè é ní “àdírẹ́sì onígi-méjì”. Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé wa, títí ẹ ó fi fún wa ní èyí tó sàn jù ú lọ.