Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo ní: ṣé kí n lọ bá àwọn Sístà tọ́jú ọmọ ní Kolkata?

Àdùkẹ́, Peckham:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo máa gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní oṣù Kọkànlá, mo sì fẹ́ lọ lò ó ní Kolkata, lọ́dọ̀ àwọn Sístà tí Mother Teresa kó jọ lọ́dún 1950. Ilé wọn tó ń jẹ́ Daya Dan, níbi tí irú àwọn ọmọ tí mo ń tọ́jú wà, ló wà lọ́kàn mi. Ohun méjì ló ń dà mí láàmú. Áńgílíkà ni mí, n kì í ṣe Kátólíìkì. Ìkejì ló wúwo jù: màmá mi gbọ́, wọ́n ní, "Ṣé àwọn ọmọ tó wà nílé ti tán ni, tó o fi fẹ́ fò lọ sí Íńdíà?" N kò rí èsì fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì, Oǹdó:
Àdùkẹ́ ọmọ mi, ọ̀rọ̀ màmá rẹ wọ̀ mí lára. Ní Sátidé kejì nínú oṣù, èmi àti àwọn obìnrin ìjọ wa máa ń lọ sí ilé ọmọ kan tí àwọn Sístà ń bójú tó nítòsí wa. A máa ń gbé àkàrà àti ògì lọ, a sì máa ń dirun fún àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan máa ń di ìró mi mú, á ní, "Màmá, ìgbà wo lẹ tún ń bọ̀?" Èmi á ní ọ̀la, kó lè jẹ́ kí n lọ. Lọ́jọ́ kan Sístà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Màmá, ẹ má sọ ọ̀la fún un mọ́. Ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú." Ojú tì mí gan-an. Láti ìgbà náà, ọjọ́ tí mo bá dá ni mo ń lọ, òjò ì báà rọ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tìrẹ yìí, tó o bá padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ta ni yóò máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà?

Akin, Leeds:
Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Àǹtí Àdùkẹ́, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀ lọ́dún 2018. Ti Áńgílíkà kì í ṣe ìṣòro rárá. Mùsùlùmí wà láàárín wa, ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan náà wà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni Mísà ní Mother House, olú ilé àwọn Sístà náà, níbi tí sàréè Mother Teresa wà, ẹni tó bá wù ló ń lọ. Ní aago méje, wọ́n á fún wa ní búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tíì, kálukú á sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Aṣọ fífọ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀ ní Daya Dan. Ọwọ́ la fi ń fọ̀ ọ́, àti ìlédìí, àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì. A ó fún un, a ó gbé e gun òkè ilé lọ sá. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń lọ bá àwọn ọmọ, ká bá wọn na ẹsẹ̀ wọn, ká fún wọn lóúnjẹ. Ọmọ wà níbẹ̀ tí kò lè gbé ọrùn dúró, ṣíbí kan péré, ẹ ó dúró títí yóò fi gbé e mì. Àwọn obìnrin tó ń gbowó oṣù níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní másí, ìyẹn àǹtí lédè Bẹ̀ǹgálì, ló kọ́ mi.

Àwọn másí àti Sístà yẹn ni àwọn ọmọ mọ̀, torí wọn kì í lọ. Tí àlejò bá ti fọ aṣọ, ọwọ́ wọn á ráyè gbé ọmọ. Nítorí náà, tí ẹ bá máa lọ, aṣọ ni kí ẹ lọ fọ̀. Ẹ má ya fọ́tò ọmọ kankan. Ẹ̀yin lẹ máa sanwó yàrá yín. Ọ̀pọ̀ wa gbé ní Sudder Street.

Nọ́ọ̀sì Bísí, Ìbàdàn:
Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá yà sí Nàìjíríà láàárín ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú kí ẹ tó dé Íńdíà, wọ́n á béèrè yẹ́lò kádì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ yẹ́lò fífà, lọ́wọ́ yín. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ni kí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ náà. Ẹ tún béèrè ní ẹ́ḿbásì irú físà tó gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Àdùkẹ́, Peckham:
Ìyá Ìbejì, mo sunkún lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ẹnu ọ̀nà yẹn. Mo ti pe màmá mi láàárọ̀ yìí. Mo máa lọ sí Kolkata, aṣọ ni mo sì máa ní kí wọ́n fún mi fọ̀. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni mo ń wálé fún Kérésì. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bi Sístà yín bóyá wọ́n lè gbà mí lálejò lọ́dọọdún, kí n tó dá ọjọ́ fún ọmọ kankan.

Akin, Leeds:
Àǹtí, ẹ mú bàtà rọ́bà dání. Omi ni ẹ máa dúró sí látàárọ̀.

Ìyá Ìbejì, Oǹdó:
Mo ti bi wọ́n. Sístà ní Sátidé kejì nínú oṣù Kejìlá. Wọn ò ní sọ fún àwọn ọmọ títí o fi máa wọlé.