Fáìlì MTS láti inú kámẹ́rà fídíò: báwo ni mo ṣe lè sọ ọ́ di MP4 láì ba àwòrán jẹ́?

Ìbéèrè (láti Ìlọrin)

Ẹ̀yin ọ̀gá wa nídìí iṣẹ́ fídíò, mo kí yín o. Kámẹ́rà Sony tó ń lo AVCHD (ọ̀nà kan tí kámẹ́rà fídíò ń gbà tọ́jú ohun tó bá yà) ni ẹ̀gbọ́n wa fi ya wólímà àbúrò mi obìnrin ní ọdún 2011, àwọn fáìlì .MTS nìkan ló sì kù fún wa báyìí. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi, ṣùgbọ́n lórí fóònù ìyá wa, àwòrán ń lọ, ohùn kò jáde. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nínú ìlú pé kí wọ́n bá mi sọ ọ́ di MP4. Èyí tí wọ́n fún mi kéré, ojú àwọn ènìyàn ṣú, bí ẹnikẹ́ni bá sì mira, ìlà bí eyín òòyà a yọ lára rẹ̀. Ìṣòro mìíràn ni pé fáìlì 00003 parí ní àárín ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ náà ń kà, 00004 ló sì gbà á lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn kìíní (láti Ọ̀fà)

Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo fódà AVCHD náà sí ibi méjì, kí ẹ má sì pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀.

MTS àti MP4 kì í ṣe àwòrán fúnra rẹ̀, abọ́ ni wọ́n. H.264 (ọ̀nà kan tí a fi ń fún àwòrán fídíò pọ̀ kó má baà tóbi jù) ni àwòrán tó wà nínú MTS yín, MP4 náà sì ń gba H.264, nítorí náà kò sí ìdí láti tún ọbẹ̀ sè nígbà tó jẹ́ abọ́ nìkan la fẹ́ pààrọ̀. Ohùn ló ń dá fóònù ìyá yín dúró: AC-3, ọ̀nà kan tí a fi ń tọ́jú ohùn, ni AVCHD sábà máa ń lò, ọ̀pọ̀ fóònù kò sì lè ka AC-3. FFmpeg, ètò kọ̀ǹpútà kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè fi àwòrán sílẹ̀ bó ṣe wà, kó sì yí ohùn nìkan padà sí AAC, irú ohùn mìíràn tí fóònù lè kà (gbogbo.MTS ni fáìlì tí ẹ máa kọ́kọ́ so pọ̀, bí mo ṣe ṣàlàyé nísàlẹ̀):

ffmpeg -i gbogbo.MTS -c:v copy -c:a aac wolima.mp4

Ní ti fáìlì tó já sí méjì, káàdì tó ń lo FAT32 (ọ̀nà kan tí a ń gbà to fáìlì sórí káàdì) kì í gba fáìlì tó ju 4 GB lọ, àwọn kámẹ́rà mìíràn a sì ti gé e ní 2 GB. Lórí Windows, ẹ so wọ́n pọ̀ kí ẹ tó yí wọn padà:

copy /b 00003.MTS+00004.MTS gbogbo.MTS

Ìdáhùn kejì (láti Òmù-Àrán)

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀fà sọ, àmọ́ ìlà eyín òòyà yẹn lè ṣì yọ lórí fóònù, nítorí pé inú àwòrán gan-an ló ti wá. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ya àwòrán ní ìdajì-ìdajì: ìlà 1, 3, 5 lọ́tọ̀, ìlà 2, 4, 6 lọ́tọ̀, ìdajì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (bí 60 ni, bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà). Bí ènìyàn bá mira láàárín ìdajì méjì, wọn kò ní bára mu. Ó jọ pé ṣe ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù yẹn sọ àwòrán náà di kékeré láì kọ́kọ́ ya àwọn ìlà wọ̀nyí sọ́tọ̀, èyí tó ti pò pọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé yà mọ́. Inú MTS ni kí ẹ padà sí.

Fún fóònù, ẹ lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ HandBrake: ní Filters, ẹ yan Yadif pẹ̀lú Bob, tó máa ń ya àwọn ìlà náà sọ́tọ̀, ẹ fi RF (nọ́ńbà tó ń pinnu bí àwòrán ṣe máa dára tó) sí 20, kí ohùn jẹ́ AAC. HandBrake máa ń tún àwòrán ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́, nítorí náà ẹ rí i pé iná dúró tàbí pé bátìrì kún.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Mo so méjèèjì pọ̀ lálẹ́ àná, ọ̀rọ̀ tó já ti pé. FFmpeg kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, HandBrake sì ṣiṣẹ́ di òru. Ẹ̀dà ti HandBrake ni mo fún ìyá wa, èyí tí FFmpeg ṣe ni mo tọ́jú pẹ̀lú MTS.